Ọjọ́ méjì tí òfin ò kà sí họ́lídè: àlàyé lórí kánífà Trinidad

Obìnrin kan wà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí ní London, ará Trinidad ni, erékùṣù kan ní Caribbean, Àǹtí ni gbogbo wa máa ń pè wọ́n. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ lọ sílé fún kánífà, àríyá ojú títì wọn, mo bi wọ́n pé, "Àǹtí, ọjọ́ wo gan-an ni họ́lídè kánífà yín?" Wọ́n ní, "Kò sí họ́lídè kánífà o." Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣeré ni. Mo lọ wo àkójọ họ́lídè orílẹ̀-èdè wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo rí Kérésì, mo rí Ìtúnu Ààwẹ̀, mo rí Divali àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, mo rí ọjọ́ òmìnira àwọn ẹrú, mo tiẹ̀ rí ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìjọ Spiritual Baptist ní 30 oṣù kẹta. Kánífà tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n, mi ò rí i.

Bẹ́ẹ̀ tí Mọ́ńdè àti Túsìdé kánífà bá dé, ilé ìwé tì, báǹkì tì, ọ́fíìsì dákẹ́ rọ́rọ́, ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan gidi nínú ọjà ti pẹ́, àfi kó ra oúnjẹ àti ọtí lójú títì. Nínú òfin, ọjọ́ iṣẹ́ ni ọjọ́ méjèèjì, ó tún túmọ̀ sí pé ẹni tó bá lọ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, òfin họ́lídè ò lè gba owó họ́lídè fún un, àfi tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn bá ti bá ọ̀gá wọn ṣàdéhùn ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi nìyẹn, torí tẹ́ ẹ bá mọ bí kánífà yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí i pé kò sígbà kankan tí ìjọba fún wọn lọ́jọ́ náà rí, àwọn èèyàn ló gbà á fúnra wọn, wọ́n sì dì í mú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọjọ́, torí òun ló máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwa Yorùbá tá a wà nílẹ̀ òkèèrè. Ẹnì kan á ní oṣù kẹjọ ni kánífà, òun wà ní Notting Hill ní London níbí, ẹlòmíì á ní oṣù kejì ni, àwọn méjèèjì á wá máa bínú síra wọn. Ti Trinidad, Ọdún Àjíǹde ló ń tẹ̀ lé, ìdí nìyẹn tó fi ń yí lọ́dọọdún. Sọ́ńdè Àjíǹde ni Sọ́ńdè tó bá tẹ̀ lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti 21 oṣù kẹta lọ sókè. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ ka ọjọ́ 46 padà sẹ́yìn, ẹ máa bọ́ sí Wẹ́sìdé Eérú, ọjọ́ tí àwọn Kátólíìkì máa ń fi eérú ṣàmì àgbélébùú síwájú orí, tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Mọ́ńdè àti Túsìdé tó ṣáájú Wẹ́sìdé yẹn ni kánífà, torí àwọn èèyàn fẹ́ jẹ, wọ́n fẹ́ mu, wọ́n fẹ́ jó tẹ́rùn kí ààwẹ̀ tó dé. Ní 2024, ọjọ́ 12 àti 13 oṣù kejì ló bọ́ sí, ní 2025 ó sún lọ sí ọjọ́ 3 àti 4 oṣù kẹta, ní 2026 ó padà sí ọjọ́ 16 àti 17 oṣù kejì.

Àwọn erékùṣù míì ní ọjọ́ tiwọn. Barbados ní Crop Over, ìgbà tí wọ́n bá gé ìrèké tán ló ti wá, ó sì máa ń parí ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ. Ti Antigua rọ̀ mọ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọjọ́ tí wọ́n bọ́ lóko ẹrú. Ti Notting Hill tá a mọ̀ yìí, àwọn ará Caribbean tó wá gbé ní London ló dá a sílẹ̀. Claudia Jones, ọmọ Trinidad, ló kọ́kọ́ ṣe kánífà nínú gbọ̀ngàn St Pancras Town Hall ní oṣù kìíní 1959, lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó kan ti gbéjà ko àwọn aláwọ̀ dúdú ní Notting Hill lọ́dún 1958. Ọdún 1966 ni ti ojú títì wá bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹjọ sì ló dáa fún un, torí ta ló fẹ́ fi ìyẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ jáde nínú òtútù oṣù kejì ní London? Nítorí náà kò sẹ́ni tó purọ́ nínú awuyewuye yẹn, kánífà tí kálukú ń sọ ló yàtọ̀.

Ó yá, ibo ló ti wá? Spain ló kọ́kọ́ ni Trinidad, èèyàn ò sì pọ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 1783 ọba Spain gbé òfin jáde pé àjèjì tó bá ti jẹ́ Kátólíìkì lè wá gba ilẹ̀, àwọn Faransé tó ní oko láwọn erékùṣù míì bá ya wọlé tàwọn ti ẹrú wọn. Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù náà lọ́wọ́ Spain ní 1797 ṣùgbọ́n àwọn Faransé ò kúrò, àwọn ló sì gbé kánífà wá, àríyá inú ilé ńlá, tí wọ́n á daṣọ bojú, tí wọ́n á máa kiri láti ilé kan sí èkejì. Ẹrú ò ní ìpín níbẹ̀ ju kó gbé àwo oúnjẹ lọ.

Báyìí, ẹ fọkàn sí èyí torí òun ni gbòǹgbò gbogbo ẹ̀. Tí iná bá mú oko ìrèké lóru, ìrèké tó jóná gbọ́dọ̀ di gígé kíákíá kó tó bàjẹ́. Wọ́n á fun fèrè, wọ́n á fun ìkarahun òkun, wọ́n á jí àwọn ẹrú gbogbo oko tó wà lágbègbè náà, wọ́n á fi pàṣán lé wọn lọ síbẹ̀ tàwọn ti ògùṣọ̀ lọ́wọ́. Cannes brûlées lorúkọ ẹ̀ lédè Faransé, ìrèké tó jóná, ẹnu àwọn èèyàn sì sọ ọ́ di Canboulay. Ìyẹn làwọn ọ̀gá wá ń fi ṣe eré nígbà kánífà, wọ́n á múra bí ẹrú oko, wọ́n á gbé ògùṣọ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òmìnira dé, 1834 lórí ìwé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1838 kó tó di gidi, àwọn tí wọ́n fi ìyà wọn ṣeré gba eré náà lọ́wọ́ wọn. Àwọn fúnra wọn ló wá ń gbé ògùṣọ̀ jáde tìlù tìlù tórin, wọ́n sì ń ja ìjà igi tí wọ́n ń pè ní kalinda, ẹni méjì nínú agbo, ìlù ń dún, akọrin kan á máa lé orin, agbo á máa gbè é. Nígbà tó yá, òru tó mọ́jú Mọ́ńdè kánífà ni Canboulay wá dúró sí.

Àwọn olówó ìlú ò fẹ́ ẹ rárá. Wọ́n ń pe àwọn tálákà yẹn ní jamette, ọ̀rọ̀ tó ti èdè Faransé wá, ìtumọ̀ ẹ̀ ni ẹni tó wà lábẹ́ ìlà, ẹni tí ò kájú ìwọ̀n. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan wá wà tó ń jẹ́ Captain Baker. Ní 1880 ó ní kí wọ́n kó ògùṣọ̀, igi àti ìlù wọn sílẹ̀, wọ́n kó o sílẹ̀ láìjà. Ní 1881 ó tún dé pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ti ń retí ẹ̀, igi, òkúta, ìgò, wọ́n kò ó lójú, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ló fara pa ní Port of Spain, olú ìlú Trinidad, lóru ọjọ́ yẹn. Gómìnà Freeling fúnra ẹ̀ ló wá bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ní kí ọlọ́pàá jókòó sí bárékè, kánífà sì lọ títí ó fi parí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń pè é ní rògbòdìyàn nìkan, èmi ò lè pè é bẹ́ẹ̀. Èèyàn tí wọ́n fi pàṣán lé lọ sínú iná, tó wá ní òun máa gbé ògùṣọ̀ òun bó ṣe wu òun lóru kan ṣoṣo lọ́dún, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ló ń jà fún.

Ìjọba ò gbàgbé sha. Ní 1884 wọ́n ṣòfin, wọ́n fòfin de ògùṣọ̀, wọ́n fòfin de ìlù, wọ́n ní èèyàn mẹ́wàá tó bá kóra jọ tigi tigi ti rúfin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tí ìlù jẹ́ fún wa, ẹ ro ó wò, kí wọ́n ní ẹ ò gbọ́dọ̀ lùlù mọ́ nílùú yín. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n lọ gé ọparun. Wọ́n gé e gígùn, wọ́n gé e kúkúrú, èyí tó gùn tó sì sanra ni wọ́n á máa gún mọ́lẹ̀ kó máa dún gbọ̀ùn gbọ̀ùn, tín-ín-rín ni wọ́n á máa figi lù, àpapọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní tamboo bamboo, òun ló sì gbé kánífà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọparun máa ń fọ́, torí náà nígbà tó di àwọn ọdún 1930, àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù bísíkíìtì, ìdérí garawa ìdọ̀tí, irin mọ́tò, ohunkóhun tó bá ti ń dún. Wọ́n wá ṣàkíyèsí pé ibi tí páànù bá ti wú tàbí tó kó wọlé, ohùn ẹ̀ ń yàtọ̀. Láti ibẹ̀ ni steelpan ti wáyé, tí àwọn ń pè ní pan, tí dúrọ́ọ̀mù epo rọ̀bì sì di ohun tí wọ́n fi ń ṣe é lẹ́yìn ogun Hitler.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe pan torí mo ti jókòó wo fídíò ẹ̀ láìmọye ìgbà. Wọ́n á da dúrọ́ọ̀mù náà dojú dé, wọ́n á fi òòlù ńlá máa lu ìdí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa kó wọlé bí agbada, tí wọ́n bá yára jù ó máa ya. Wọ́n á wá fi ìṣó sàmì sí ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí, wọ́n á ṣe ìlà yí i ká kí ohùn kan má baà dà mọ́ èkejì. Wọ́n á gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kúrò, kúkúrú fún èyí tí ohùn ẹ̀ tín-ín-rín, gígùn fún èyí tó nípọn. Wọ́n á fi iná yan án kí irin lè le. Lẹ́yìn náà ni atúnpan, ẹni tó ń tún ohùn pan ṣe, á mú òòlù kékeré lọ́wọ́, á lù ú látòkè, á lù ú lábẹ́, á tẹ́tí, á tún lù ú, títí tí ohùn náà á fi jáde mọ́lẹ̀ kedere bí agogo. Igi tí wọ́n fi ń lù ú kéré, rọ́bà ni wọ́n wé mọ́ orí ẹ̀. Ellie Mannette wà lára àwọn tó sọ pan di bó ṣe wà lónìí, òun ló jẹ́ kó kó wọlé dípò kó wú síta. Ní 1951 wọ́n kó ẹgbẹ́ onípan kan wá sí Festival of Britain ní London níbí, TASPO lorúkọ wọn, ẹnu ya àwọn òyìnbó pé irú orin báyìí ń jáde látinú páànù epo. Ìjọba Trinidad ló padà sọ pan di ohun èlò orin orílẹ̀-èdè. Lónìí, ìdíje Panorama tó bẹ̀rẹ̀ ní 1963 ni gbogbo ẹgbẹ́ ńlá ń dù, èèyàn tó ju 100 lọ lè wà nínú ẹgbẹ́ kan, púpọ̀ nínú wọn ò mọ ìwé orin kà, etí ni wọ́n fi ń kọ́ ọ lálaalẹ́ nínú ọgbà ẹgbẹ́ wọn.

Ọjọ́ méjèèjì náà fúnra wọn ò rí bákan náà, ibẹ̀ náà máa ń rú èèyàn lójú. Nǹkan bí aago mẹ́rin òru Mọ́ńdè ló ń bẹ̀rẹ̀, J'ouvert ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ilẹ̀ ti ń mọ́. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀ o, kò sí ìyẹ́. Ẹrẹ̀ ni wọ́n ń fi para, ọ̀dà, epo, ṣokoléètì yíyọ́, ẹ ò ní mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà mọ́ tó bá fi máa di aago mẹ́fà. Àwọn Jab Molassie wà níbẹ̀, èṣù tó kun ara ẹ̀ dúdú tó ń mi ṣéènì, àwọn ti abúlé Paramin lórí òkè sì ń kun ara wọn ní búlúù. Túsìdé ni ọjọ́ aṣọ ẹ̀yẹ, tí ẹgbẹ́ ńláńlá á tò kọjá ní pápá ńlá Queen's Park Savannah níwájú àwọn adájọ́. Playing mas ni wọ́n ń pe wíwọ aṣọ náà, mas yẹn ni màsíkirédì tí wọ́n gé kúrú. Tó bá di òru Túsìdé, aago méjìlá, ó parí, wọ́n á lọ gba eérú láàárọ̀ Wẹ́sìdé, ọ̀pọ̀ á sì forí lé etíkun Maracas láti sinmi.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwọn tó ń múra ni Midnight Robber. Akẹ́tẹ̀ orí ẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn, wajawaja yí i ká, agbádá dúdú tí wọ́n ya agbárí òkú sí, fèrè lẹ́nu. Á fẹ́ fèrè, á dá yín dúró lójú títì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òun ṣe jẹ́, pé ọjọ́ tí wọ́n bí òun oòrùn sá, òkun gbẹ, òun fi àrá fọ eyín. Kò ní dákẹ́ títí ẹ fi máa fún un lówó. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí ọlọ́dẹ ṣe ń sun ìjálá á mọ adùn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni calypso, láti ọ̀dọ̀ akọrin tó ń lé orin nínú agbo kalinda ló ti wá, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó bú olóṣèlú, kó tú àṣírí ìlú, kó sì dùn létí, bí ẹ̀fẹ̀ ṣe ń ṣe lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Wọ́n máa ń fún ara wọn lórúkọ ńlá, Mighty Sparrow, Lord Kitchener. Soca tẹ́ ẹ ń gbọ́ nínú fídíò, tó yára tó ń mú ìdí mì, láti inú calypso ló ti jáde láwọn ọdún 1970.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin wá kù. Òótọ́ ni pé obìnrin ló pọ̀ jù lára àwọn tó ń wọ aṣọ Túsìdé báyìí, òótọ́ sì ni pé aṣọ náà kéré. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó bú wọn, ẹ rántí ọ̀rọ̀ jamette yẹn, torí obìnrin ojú títì ni wọ́n ń fi bú jù, èébú tí wọ́n ń tẹ̀ sábẹ́ fídíò lónìí náà ni, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Nínú calypso pàápàá, wọ́n ń pe ẹni tó bá gbégbá orókè ní ọba títí Calypso Rose, obìnrin láti Tobago, fi gba ipò náà ní 1978, wọ́n bá yí orúkọ oyè ọ̀hún padà. Ìyá yẹn ló mú wọn débẹ̀.

Ṣé ti wa ni? Ìbéèrè yìí ń dé láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa gan-an, mo sì fẹ́ ká fòótọ́ dáhùn ẹ̀. Kánífà kì í ṣe ọdún egúngún tí wọ́n gbé láti Ọ̀yọ́ lọ. Èèyàn oríṣiríṣi ẹ̀yà ilẹ̀ adúláwọ̀ ló wà nínú oko ìrèké yẹn. Moko Jumbie, ẹni tó ń fi igi gíga rìn, jọ àgéré tiwa, àmọ́ onírúurú ẹ̀yà ló ní irú ẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ adúláwọ̀. Àwọn ará Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní 1845 náà ti mú ìlù tassa àti orin chutney wọ inú ẹ̀. Ibi tí Yorùbá ti hàn ketekete yàtọ̀ sí ojú títì kánífà. Láàárín ọdún 1841 sí nǹkan bí 1867, wọ́n kó àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú láti Freetown àti St Helena lọ ṣiṣẹ́ ní Trinidad, Yorùbá pọ̀ nínú wọn, Yarraba ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ló fi ìsìn Ṣàngó àti Ògún sílẹ̀ níbẹ̀ dòní, débi tí Ọọ̀ni Ṣíjúwadé fi bẹ̀ wọ́n wò ní 1988. Ó sì wà nínú oúnjẹ, accra ni wọ́n ń pe àkàrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fúláwà àti ẹja oníyọ̀ ni tiwọn.

Àǹtí tiwa yìí, kí wọ́n tó rìnrìn àjò lọ́dún yẹn, wọ́n ní àwọn ń retí sou-sou wọn. Mo ní kí ni sou-sou. Wọ́n ní gbogbo ẹgbẹ́ á máa dá owó lóṣooṣù, ẹnì kan á kó o, tó bá di oṣù tó ń bọ̀ ẹlòmíì á kó o. Mo pariwo nínú ọ́fíìsì, "Èésú!" Wọ́n wò mí, àwọn náà pè é padà, èésú, sou-sou, èésú. Owó aṣọ kánífà ni wọ́n fẹ́ fi san.

Ìjọba ti dá kánífà dúró rí o, lásìkò ogun Hitler láàárín 1942 sí 1945, àti ní 2021 nítorí kòrónà. Ní 1972 àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n sún un sí oṣù karùn-ún, tó sì yẹ kí wọ́n ti parí ẹ̀ ṣáájú ààwẹ̀. Lẹ́yìn èyíkéyìí nínú ẹ̀, wọ́n tún jáde.

Tẹ́ ẹ bá ń gbèrò àtilọ ní 2027, ọjọ́ 8 àti 9 oṣù kejì ló bọ́ sí. Ẹ má ṣe dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹ dé kó tó di Fúráìdé, torí kílẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Fúráìdé tó ṣáájú kánífà, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, wọ́n máa ń ṣe eré ìrántí Canboulay ní Piccadilly Greens ní Port of Spain. Ẹ máa rí ògùṣọ̀, ẹ máa gbọ́ ìlù tí wọ́n fòfin dè ní 1884, ẹ sì máa rí ẹni tó wọṣọ Captain Baker tó ń bọ̀ wá gba igi lọ́wọ́ wọn.